Àgbọ̀n Tí Wọ́n Kọ Orúkọ Ọ̀ṣẹ́nì Sí

Òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹni tí kò bá gbà, kó máa bá tirẹ̀ lọ, mi ò ní bá a jà. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ìgbà tí mo wá rí Ruth lójúkojú ní ọjà Kpata ní ìparí ọdún 2024, tí ó ní láti fi ọwọ́ gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ mú kí ó tó lè kí mi "ẹ káàárọ̀", ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú mi.

Ruth ni obìnrin tó ń ya àwòrán egungun ní ilé ìwòsàn aládàáni kan báyìí ní apá Crusher, ní Lọ́kọ́jà níbí. Ọmọ Ìsánlú ni, ní ilẹ̀ Yàgbà. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà á rò pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wàá jókòó sórí àga. Wàá gbé àgbọ̀n lé ibi pẹlẹbẹ kan. Wàá fi eyín iwájú há ọ̀pá ike kékeré kan kí orí rẹ má bàa mì. Ruth á jáde, á ti ilẹ̀kùn, á tẹ bọ́tìnì. Apá ẹ̀rọ á yí orí rẹ po lẹ́ẹ̀kan, á máa kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Ó parí. Egungun rẹ á yọ lójú kọ̀ǹpútà, funfun nínú òkùnkùn.

Ẹ̀rọ náà ní wàhálà tirẹ̀. Iná tiwa níbí ni, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Tí iná bá lọ tó sì dé, ẹ̀rọ náà á ti gbàgbé ara rẹ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi orí kan dán an wò kí aláìsàn tó wọlé. Orí ike kan wà fún un tẹ́lẹ̀. Ó já bọ́, ó fọ́, wọn kò ra òmíràn. Orí ta ni wọ́n wá ń lò? Orí Ruth. Ọdún mẹ́ta gbáko, á jókòó láàárọ̀, á há ike, Blessing tó ń kọ orúkọ aláìsàn sínú ìwé á bá a tẹ bọ́tìnì. Ruth á wo àwòrán náà, á pa á rẹ́. Ó mọ̀ pé kò dáa fún ara. Ó ń ṣe é náà ni, nítorí iṣẹ́ ni.

Bí ó ṣe wá mọ egungun ara rẹ̀ ju bí ó ṣe mọ ojú ara rẹ̀ lọ nìyẹn. Níwájú etí òsì rẹ̀, níbi tí àgbọ̀n ti so mọ́ orí, egungun náà ní ìkọ́ bín-ín-tín kan. Ó bọ́ lórí igi gúáfà nígbà tó wà lọ́mọdún mẹ́jọ ní Ìsánlú, ibẹ̀ ló ti rí i. Kò dùn ún. Ó kàn wà níbẹ̀ ni. Ní àràárọ̀ ó máa ń rí i, á sì mọ̀ pé ẹ̀rọ ti padà bọ̀ sípò.

Nínú oṣù ààwẹ̀ ọdún 2024 ni Ọ̀ṣẹ́nì wá. Àgbẹ̀ ni, ará Òwórò, láti òkè Agbájá. Ọ̀kadà ló gbé e ṣubú lójú ọ̀nà burúkú yẹn, ó fi àgbọ̀n lulẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹnu rẹ̀ ń dún, ń ro ó, kò sì fẹ́ là tán mọ́. Dókítà Ọlájídé tó ń wo ẹnu àti eyín ní kí wọ́n ya á lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀kíní báyìí. Ẹ̀kejì lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Ẹ̀kẹta lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ. Kọ̀ǹpútà á gbé àwòrán tuntun lé èyí àkọ́kọ́. Ibi tí egungun bá ti jẹ, tó ti dín kù, á pọ́n. Ibi tó bá ti hù á dà bí aró. Tí ó bá ń jẹ síwájú, wọn á gé e, wọn á fi irin rọ́pò rẹ̀. Tí kò bá jẹ mọ́, wọn á fi sílẹ̀.

Ọ̀ṣẹ́nì bá ẹ̀ṣọ́ jà lẹ́nu géètì. Ó bá Blessing jà nídìí ìwé. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, oòrùn Lọ́kọ́jà ń jó, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ro ó. Ìgbà tó dé iwájú Ruth, ìjà kan ṣì kù lára rẹ̀.

"Bàbá, ẹ há èyí."

"Kí ni?"

"Ike ni. Ẹ fi eyín há a."

"Mo gbààwẹ̀."

"Kì í ṣe oúnjẹ, Bàbá."

"Mo ní mo gbààwẹ̀, nọ́ọ̀sì. Kò sí nǹkan tó máa wọ ẹnu mi kí oòrùn tó wọ̀."

Ruth kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ó sì kórìíra kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Ó pòṣé. Ó jáde, ó tẹ bọ́tìnì láìsí ike. Orí Ọ̀ṣẹ́nì mì. Àwòrán náà jáde ní méjì-méjì, bí ìgbà tí ọ̀mùtí bá ń wo òṣùpá. Egungun tó ti jẹ, tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ní ìlà sísán kan, ṣùgbọ́n méjì-méjì ni. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó máa fi ṣílẹ̀kùn, ọkùnrin náà ti lọ. Ọkọ̀ Agbájá kan ṣoṣo tó kù ló ń sáré bá.

"Blessing, pè é padà!"

"Àǹtí Ruth, èmi kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ o. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n ti ya á."

Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin méjèèjì yìí kò wọ̀ rí. Èyí àgbà rò pé èyí àbúrò ń yájú. Èyí àbúrò rò pé èyí àgbà ń gbéra ga. Ruth padà wọlé. Dókítà Ọlájídé fẹ́ àwòrán náà kí aago mẹ́fà tó lù. Ruth sì ti gba kúérì méjì lọ́dún yẹn. Ẹ̀kẹta, ilé ló ń lọ.

Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Àwòrán tí wọ́n fi dán ẹ̀rọ wò láàárọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kò tíì pa á rẹ́. Egungun tirẹ̀, tó mọ́, tó pé, pẹ̀lú ike láàárín eyín. Ibi orúkọ ṣófo.

Ó kọ Ọ̀ṣẹ́nì síbẹ̀.

Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ó gbé èyí tó bàjẹ́ pa mọ́ síbòmíràn. Kí ló dé tí kò pa á rẹ́ pátápátá? Kò lè sọ. Ẹ má bi mí bóyá ohun tó ṣe burú. Ó burú! Ẹran ara ènìyàn la ń sọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ wò ó lórí ibùsùn.

"O ò payín keke lánàá."

Láti kékeré ni Ruth ti ń payín keke lójú oorun. Ìyá rẹ̀ a máa gbá ògiri fún un. Ọkọ rẹ̀ ti fara mọ́ ọn tipẹ́.

"Ṣé kò wá dáa bẹ́ẹ̀?"

"Ó dáa. Ilé kàn dákẹ́ jù ni."

Kò payín keke mọ́ láti ọjọ́ náà.

Oṣù mẹ́rin ni Ruth fi ń ronú. Ó mọ ohun tó ń bọ̀. Tí Ọ̀ṣẹ́nì bá padà wá, egungun rẹ̀ tó ti jẹ á gun orí egungun Ruth tó pé. Gbogbo rẹ̀ á pọ́n lójú kọ̀ǹpútà. Dókítà á ní àrùn náà ń sáré, á gbé ọ̀bẹ. Wọn á gé àgbọ̀n ọkùnrin kan nítorí irọ́ ìṣẹ́jú kan. Ìgbà mélòó ló lọ sẹ́nu ọ̀nà Dókítà tó tún padà? Ẹ̀rù bà á. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé lọ́la ni.

Oṣù keje dé pẹ̀lú òjò. Ọ̀ṣẹ́nì dé láago mẹ́wàá àárọ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ba Ruth lẹ́rù.

"Ókun o, Bàbá," ni Ruth fi kí i.

"Ókun."

Ó jókòó. Ó gbé àgbọ̀n lé ibi tó yẹ. Kí Ruth tó lanu sọ̀rọ̀, ó ti há ike náà. Ó há a bí ẹni tó ti ń há a láràárọ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Ruth jáde. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ kùn. Ẹ̀rọ dákẹ́. Òjò tó ń lu páànù dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀, gbogbo ilé wá ń gbọ́ ara rẹ̀. Àwòrán náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Eyín. Párì. Ẹ̀rẹ̀kẹ́. Iwájú etí òsì.

Ìkọ́ bín-ín-tín kan wà níbẹ̀.

Ruth rò pé àwòrán àtijọ́ ni kọ̀ǹpútà gbé wá. Ó wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. Tòní ni. Ó wo aago. Ìṣẹ́jú méjì sẹ́yìn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún un yà."

Ọ̀ṣẹ́nì kò béèrè ìdí. Ó tún há ike. Ìkọ́ náà tún yọ. Ruth gbé e lé èyí tó kọ orúkọ sí nínú oṣù ààwẹ̀. Kò sí ibi tó pọ́n. Kò sí ibi tó dà bí aró. Egungun ẹ̀dá alààyè kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a yà láàárọ̀ tí a tún yà nírọ̀lẹ́ pàápàá, ìyàtọ̀ díẹ̀ á wà. Àwọn méjì yìí kò ní ìyàtọ̀ kankan.

Nígbà tó gbójú sókè, Ọ̀ṣẹ́nì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń wò ó.

"Nọ́ọ̀sì."

"Bàbá."

"Kò ro mí mọ́."

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

"Ṣùgbọ́n ẹnu yìí kì í ṣe tèmi."

Ruth fi ara bo ojú kọ̀ǹpútà.

"Apá òsì ni mo fi ń jẹun láti kékeré. Báyìí, òkèlè ń sá lọ sí ọ̀tún fúnra rẹ̀. Ìyàwó mi ní mò ń payín keke lójú oorun. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mo ti lò láyé, mi ò payín keke rí." Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé. "Ìwọ lo fi ẹ̀rọ yí orí mi po. Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ló dún. Kẹ́. Níwájú etí òsì rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n fi ìka fọ́ ẹ̀pà. Kò pariwo, ṣùgbọ́n Ọ̀ṣẹ́nì gbọ́ ọ. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ruth pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó lọ. Òjò tún bẹ̀rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìyà ti jẹ Ruth. Ó kọ́kọ́ dà bí etí ríro. Lẹ́yìn náà, iṣu sísun kò ṣeé jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹran. Nígbà tí oṣù kẹjọ máa fi parí, ẹ̀kọ ló ń mu. Tó bá yán, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á há, á ní láti fọwọ́ tì í padà. Àràárọ̀ ló ṣì ń fi orí rẹ̀ dán ẹ̀rọ wò, ṣùgbọ́n ó ti ń sá fún wíwo àwòrán náà. Á pa á rẹ́ kí ó tó yọ tán.

Lọ́jọ́ kan, ó wò ó.

Ìkọ́ náà ti lọ. Egungun tó wà níbẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìlà sísán kan gba àárín rẹ̀ kọjá, irú èyí tó máa ń wà lára ẹni tó fi àgbọ̀n lulẹ̀ tipátipá. Ruth kò ṣubú lórí ọ̀kadà rí láyé rẹ̀. Ó gbé àwòrán méjì-méjì Ọ̀ṣẹ́nì tó fi pa mọ́ jáde. Ó gbé e lé tirẹ̀. Nínú ìlà méjì náà, ọ̀kan jókòó lé egungun rẹ̀ geerege. Kò pọ́n. Kò dà bí aró.

Ó pa orúkọ Ọ̀ṣẹ́nì rẹ́ lára àwòrán oṣù ààwẹ̀. Ó kọ tirẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, orúkọ Ọ̀ṣẹ́nì ti padà. Ó tún pa á rẹ́. Ó tún padà.

"Blessing, ṣé o fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mi?"

"Kí ni mo fẹ́ fi kọ̀ǹpútà yín ṣe? Àǹtí Ruth, ẹ lọ sinmi nílé yín. Ẹ ò rí ojú yín ni?"

Nígbà tí ìrora pọ̀ jù, ó tọ Dókítà Ọlájídé lọ. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí ike tí Ọ̀ṣẹ́nì kọ̀ dé orí orúkọ tó kọ. Dókítà gbọ́ ọ tán. Ó ṣí àwòrán oṣù ààwẹ̀.

"O ní kò há ike."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dókítà."

"Kí ni èyí láàárín eyín rẹ̀?"

"Ike ni. Èmi ni mo há a."

"Ó dáa. Jókòó."

Dókítà fúnra rẹ̀ ló ya á. Ó tò wọ́n sójú kan: ti oṣù ààwẹ̀, ti oṣù keje, àti ti Ruth tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

"Èwo ló jọ èwo nínú wọn?"

Ruth nawọ́ sí ti oṣù ààwẹ̀ àti ti oṣù keje.

"Ọmọdé á mọ̀ ọ́n. Ti ọkùnrin yìí jọ ti ọkùnrin yìí. Tìrẹ ti jẹ. O wá fẹ́ kí n gbà pé èyí tó pé yìí ni tìrẹ?"

"Tèmi ni nígbà yẹn, Dókítà."

"Nígbà yẹn!" Ó lu tábìlì. "Fáìlì tó dára jù tí mo ní ni èyí. Tí o bá tún da ọ̀rọ̀ rú sí i, kúérì kẹta á bá ọ nílé." Lẹ́yìn náà ó tún wo àwòrán Ruth, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Tìrẹ ń sáré o. Tó bá ń lọ báyìí, kí oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ tó dé, ẹnu rẹ ò ní là mọ́. A ó máa yà á lóṣooṣù."

Bí wọ́n ṣe ṣí fáìlì fún Ruth nìyẹn. Oṣù kẹwàá, ibi tó pọ́n tó orí abẹ́rẹ́. Oṣù kọkànlá, ó tó èékánná. Ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù láti Ìsánlú, ó ní kí ó fún òun ní Ruth, òun ò mọ ẹni tó ń kùn lórí fóònù yìí. Ruth sunkún ọjọ́ náà. Ẹkún pàápàá ń ro ó.

Ọjọ́ àwòrán kẹta Ọ̀ṣẹ́nì pé. Kò wá. Kí ló fẹ́ wá ṣe? Ara rẹ̀ ti yá. Ruth dúró dè é fún ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ó fi gèlè so àgbọ̀n mọ́ orí, ó gun ọ̀kadà, ó di Agbájá.

Ọ̀nà òkè náà, ẹni tó bá gbà á rí ló mọ̀ ọ́n. Kòtò kan, ìrora kan. Ilẹ̀ pupa, òkúta pupa, erùpẹ̀ pupa lójú àti nímú. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ kò gbọ́ ohùn ẹyẹ kan lójú ọ̀nà. Kẹ́, ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wí. Kẹ́. Kẹ́.

Ṣàmsíátù, ìyàwó Ọ̀ṣẹ́nì, ló fún un lómi. Ruth yọ ọ̀pá ìfamu tó ń mú kiri, ó fi fa omi náà láàárín eyín. Ṣàmsíátù ń wò ó.

"Ọkọ mi ń mu omi bẹ́ẹ̀ nígbà kan," ó ní. "Kí ààwẹ̀ tó parí."

Ọ̀ṣẹ́nì wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé. Ó ń fi eyín fọ́ ẹ̀kùrọ́. Eyín ọ̀tún ló fi ń fọ́ ọ. Ruth kúnlẹ̀ sínú erùpẹ̀ pupa náà, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán, nítorí ọ̀rọ̀ ń há. Ọ̀ṣẹ́nì jẹ́ kó parí.

"Ta ló kọ orúkọ mi sí i?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ṣé mo rán ọ?"

"Rárá."

"Ọjọ́ tí mo bi ọ́, o ní kí ni?"

Ruth fi ọwọ́ tẹ gèlè mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"O ní o ò ṣe nǹkan kan. Mo délé, mi ò sùn. Mo rò pé orí mi ti dàrú. Lèmọ́mù fi ọjọ́ méje gbàdúrà lé mi lórí. Ẹ̀rù àtijẹun ń bà mí nínú ilé ara mi, nítorí mi ò mọ ẹni tó ni ẹnu tí mo fi ń jẹ ẹ́. Ìwọ mọ̀. O jókòó sí Lọ́kọ́jà, o mọ̀, o dákẹ́."

"Mo bẹ̀ yín, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká tún un yà lẹ́ẹ̀kan sí i. Màá kọ orúkọ mi sí i. Bóyá á padà."

"Èyí tó wà lẹ́nu rẹ ńkọ́? Tó ti jẹ yẹn? Ọ̀dọ̀ ta ló ń padà sí?"

Ọ̀ṣẹ́nì mú ẹ̀kùrọ́ mìíràn, ó fọ́ ọ, ó tu èèpo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún Ruth.

"Ó ti mọ́ mi lára," ó ní. "Ohun tí wọ́n bá kọ orúkọ mi sí, tèmi ni. Dìde. Máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ó wá rẹ́rìn-ín. Ruth mọ ẹ̀rín náà. Bí àgbọ̀n ṣe yọ síwájú díẹ̀, bí ètè ṣe fà sí ọ̀tún. Ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ni, ní Ìsánlú, lójú ọkùnrin kan tí kò bá a tan. Kò mọ bó ṣe dé ìdí ọ̀kadà.

Oṣù kìíní ọdún 2025, ọyẹ́ bo Lọ́kọ́jà. Òkè Patti kò hàn láti Crusher. Ní ọjọ́ Ajé kan, iná ti lọ lóru, ó dé láàárọ̀. Ẹ̀rọ tún ti gbàgbé ara rẹ̀. Ó ń fẹ́ orí.

Ruth jókòó. Ó gbé ike súnmọ́ ẹnu. Ike náà kò wọlé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa àgbọ̀n wálẹ̀. Kò wọlé náà. Oṣù kejì kò tíì dé.

Blessing fara ti ẹnu ọ̀nà. Kúlíkúlí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń rún un.

"Àǹtí Ruth, aláìsàn mẹ́ta ló ti jókòó síta. Ṣé ẹ máa ṣiṣẹ́ lónìí, àbí ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ máa gbá mú di ìrọ̀lẹ́?"

Ruth wo ẹnu rẹ̀. Kúlíkúlí ń ró nínú rẹ̀, kàrà, kàrà. Ebi ti ń pa Ruth láti oṣù kẹjọ. Ó wo ẹnu náà pẹ́.

"Wá bá mi jókòó," ó ní láàárín eyín.

"Èmi?"

"Ìṣẹ́jú kan ni. Há ike yìí."

Blessing pòṣé, ó gbọn ọwọ́, ó jókòó. Ruth jáde. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ kùn, ó dákẹ́. Àwòrán náà yọ. Ó mọ́. Ó pé. Kò sí ibi kankan tó jẹ. Ibi orúkọ ṣófo lábẹ́ rẹ̀, ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú níbẹ̀, ó ń dúró.

Ruth kórìíra Blessing ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe wà. Ó kórìíra ẹnu rẹ̀ tó ń là tó ń pa dé láìmọ oore. Ó fi ìka lé kọ̀ǹpútà. Ó tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ara rẹ̀.

Ó rántí ọkùnrin kan lábẹ́ igi máńgòrò. O mọ̀, o dákẹ́.

Ó pa lẹ́tà náà rẹ́. Ibi orúkọ tún ṣófo. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó gbé wọn lé itan, ó há wọn mọ́ra. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò dákẹ́. Ohùn àwọn aláìsàn níta dákẹ́. Kò sí ohun tó ń dún mọ́.

Kẹ́.

Inú yàrá ẹ̀rọ ló ti wá.

"Àǹtí Ruth?" Ohùn Blessing kéré lẹ́yìn ilẹ̀kùn. "Àǹtí Ruth, etí mi. Kí lẹ ṣe fún mi?"

Ruth wo ojú kọ̀ǹpútà. Ibi orúkọ ṣófo síbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ nǹkan kan, àfi lẹ́tà kan tó ti pa rẹ́. Ó fẹ́ pariwo pé òun ò ṣe nǹkan kan, òótọ́ sì ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó la ẹnu láti sọ ọ́.

Ẹnu náà là. Ó là tán, gbàgà, kò sì ro ó rárá.